Ère Idẹ Àwọn Òrìṣà Híńdù: Ìtumọ̀ Ààmì Wọn àti Ìrìn Wọn dé Johannesburg

Ère idẹ àwọn òrìṣà Híńdù ni àwọn ère tí a fi idẹ dà, tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń lò nínú ilé, nínú tẹ́ḿpìlì àti nígbà ọdún láti fi àwọn òrìṣà wọn hàn. Ilẹ̀ Íńdíà ni iṣẹ́ ọnà yìí ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ti di ara ìgbésí ayé àwọn ọmọ Íńdíà tí ó tẹ̀dó sí Gúúsù Áfíríkà, títí kan ìlú Johannesburg. Kò sí ohun tí ó wà lásán lára irú ère bẹ́ẹ̀. Iye ọwọ́ rẹ̀, ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan dì mú, ẹranko tí ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó ṣe dúró tàbí bí ó ṣe jókòó, gbogbo rẹ̀ ni ó ní ìtumọ̀. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ààmì wọ̀nyí lè ka ère náà bí ẹni ń ka ìwé. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò rí ènìyàn olórí erin tàbí obìnrin ọlọ́wọ́ mẹ́rin, yóò sì kọjá lọ.

Èrò tí ó wà nídìí ère

Nínú èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ tí a fi kọ púpọ̀ nínú ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Híńdù, murti ni orúkọ irú ère yìí. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni ohun tí ó ní ìrísí, tàbí ohun tí ó gbé ara wọ̀. Ìtumọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé ọ̀kan ṣoṣo ni orísun ohun gbogbo, tí wọ́n ń pè ní Brahman. Brahman kò ní ìrísí, ojú kò lè rí i, ẹnu kò sì lè ròyìn rẹ̀ tán. Àwọn òrìṣà ni ọ̀nà tí ohun tí kò ní ìrísí yìí gbà ń fi ara rẹ̀ han ẹ̀dá, ère sì ni ojú tí ẹlẹ́sìn ń wò nígbà tí ó bá ń gbàdúrà.

Òrìṣà ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó sún mọ́ ohun tí àwọn Híńdù ń pè ní deva, òun sì ni a lò níhìn-ín. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba tán. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ìránṣẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́ Olódùmarè ni àwọn òrìṣà jẹ́. Nínú ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ Híńdù, ojú oríṣiríṣi tí ẹni kan náà ní ni wọ́n jẹ́, bí ènìyàn kan náà ṣe lè jẹ́ ọmọ fún ìyá rẹ̀, ọkọ fún aya rẹ̀, àti bàbá fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́sìn Híńdù ni ó ń lo ère. Ẹgbẹ́ Arya Samaj, tí Dayananda Saraswati dá sílẹ̀ ní Bombay ní ọdún 1875, kọ ère bíbọ pátápátá. Ẹgbẹ́ náà ní ọmọlẹ́yìn ní Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nítorí náà, àríyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ kí a fi irin ṣe ojú Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí àwọn àjèjì nìkan gbé wọ inú ẹ̀sìn Híńdù. Àwọn ẹlẹ́sìn náà fúnra wọn ti ń jiyàn lé e lórí tipẹ́.

Idẹ àti ìdí tí a fi yàn án

Orúkọ kan náà, idẹ, ni Yorùbá fi ń pe irin méjì tí àwọn onímọ̀ yà sọ́tọ̀: èyí tí a fi bàbà àti síǹkì pò pọ̀, àti èyí tí a fi bàbà àti tánganran pò pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ère kéékèèké tí a ń tà lọ́jà lónìí jẹ́ ti bàbà àti síǹkì. Ìlú Moradabad ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, ní àríwá Íńdíà, gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ idẹ bẹ́ẹ̀. Fún ère tẹ́ḿpìlì ní gúúsù Íńdíà, àṣà béèrè fún àdàlù irin márùn-ún tí wọ́n ń pè ní panchaloha. Bàbà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi síǹkì tàbí tánganran, òjé, fàdákà díẹ̀ àti wúrà díẹ̀ kún un.

Idẹ kì í dógùn-ún bí irin, kì í jẹrà bí igi, kì í sì í fọ́ bí amọ̀. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣú bí ọjọ́ bá ti pẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi àjàgbọn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, yóò tún máa dán bí ìmọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Híńdù, fífọ ère àti fìtílà idẹ kí ọjọ́ ọdún tó dé jẹ́ apá kan ìsìn náà.

Èyí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ipò idẹ nílẹ̀ Yorùbá. Idẹ ni irin Ọ̀ṣun, àwọn olùsìn rẹ̀ sì ń fi idẹ ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti abẹ̀bẹ̀. Idẹ ni a fi ń ṣe edan Ògbóni, akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní àgbàlá Wúnmọníjẹ̀, ni a ti hú àwọn orí idẹ olókìkí jáde nínú ilẹ̀ ní ọdún 1938. Ní ibi méjèèjì, ní Íńdíà àti nílẹ̀ Yorùbá, irin tí kì í tètè bàjẹ́ ni a yàn fún ohun tí a kò fẹ́ kí ó parẹ́.

Bí a ṣe ń da ère

Ìlú kékeré Swamimalai, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ṣì ti ń lọ ní ọ̀nà àtijọ́. Àwọn ọba Chola tí ó jọba ní agbègbè náà láti ọ̀rúndún kẹsàn-án dé ìkẹtàlá ni ó gbé iṣẹ́ náà dé òkè téńté. Ìda ni oníṣẹ́ ọnà kọ́kọ́ fi ń mọ ère náà, tí yóò ti pò mọ́ oje igi àti òróró ẹ̀pà kí ó lè rọ̀. Kò lè mọ ọ́n bí ó ṣe wù ú, nítorí pé àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Shilpa Shastra ti fi ìwọ̀n gbogbo ẹ̀yà ara lélẹ̀. Gígùn ojú ni a fi ń wọn ìyókù ara. Oníṣẹ́ ọnà a máa ká ewé àgbọn tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọ̀nà púpọ̀ láti fi ṣe ohun ìwọ̀n.

Lẹ́yìn èyí, yóò fi amọ̀ bo ìda náà. Amọ̀ múlọ́múlọ́ etí odò Kaveri ni ó ń kọ́kọ́ lò, kí gbogbo ìlà kéékèèké lè hàn lára rẹ̀. Nígbà tí amọ̀ bá gbẹ, yóò gbé e sórí iná, ìda yóò yọ́ jáde, àyè rẹ̀ yóò sì ṣófo. Inú àyè yìí ni a óò da idẹ gbígbóná sí. Bí ó bá tutù, a óò fọ́ amọ̀ náà kí ère lè jáde. Ìdí nìyí tí kò fi sí ère méjì tí ó jọra tán, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni amọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́.

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn àgbẹ̀dẹ idẹ Ifẹ̀ àti Ìbíní lò. Ìyàtọ̀ tí ó hàn gbangba ni pé àwọn orí Ifẹ̀ ṣófo nínú, nítorí pé orí amọ̀ ni wọ́n ti tẹ́ ìda wọn. Ní Swamimalai, ère tí a óò máa sìn gbọ́dọ̀ kún dénú.

Bí a ṣe ń ka ère

Ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni ọwọ́ púpọ̀. Ọwọ́ mẹ́rin tàbí mẹ́wàá kò túmọ̀ sí pé bí ara òrìṣà ti rí gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà ni ọwọ́ ń kà. Ènìyàn ọlọ́wọ́ méjì kò lè dáàbò boni, kí ó jagun, kí ó fúnni lẹ́bùn, kí ó sì tún bùkún fúnni ní ìṣẹ́jú kan náà. Òrìṣà lè ṣe é. Àtẹ́lẹwọ́ tí a gbé sókè, tí ó kọjú sí ẹni tí ń wò ó, ń sọ pé kí ó má ṣe bẹ̀rù. Àtẹ́lẹwọ́ tí a sọ sílẹ̀, tí ó ṣí, ń sọ pé ẹ̀bùn ń bọ̀.

Ganesha, olórí erin, ni a máa ń kọ́kọ́ ké pè kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ilé kíkọ́ tàbí ọjà títà. Òun ni ó ń mú ìdènà kúrò lọ́nà. Etí rẹ̀ ńlá ń ránni létí pé kí a máa gbọ́ ju bí a ti ń sọ lọ. Okùn tí ó mú lọ́wọ́ ni ó fi ń fa ènìyàn sún mọ́ òtítọ́. Ọ̀pá ìdarí erin tí ó wà lọ́wọ́ kejì ni ó fi ń lé e kúrò nínú àṣìṣe. Ọ̀kan nínú eyín rẹ̀ ti kán. Ìtàn kan sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kán an, kí ó lè fi í kọ ìwé Mahabharata sílẹ̀ nígbà tí kálàmù rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìmọ̀ ń gba ìrúbọ. Eku tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ó ń gùn. Eku a máa jẹ ohun gbogbo ní kọ̀rọ̀, bí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ṣe ń jẹ ọkàn ènìyàn. Ẹni tí ó bá lè gun eku tirẹ̀ ti ṣẹ́gun ara rẹ̀.

Shiva gẹ́gẹ́ bí Nataraja, ọba oníjó, ni ère Chola tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ó ń jó nínú agbo iná tí ó dúró fún ayé àti ìyípadà rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún òkè mú ìlù kékeré kan tí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti gángan. Ìró ìlù yìí ni ìṣẹ̀dá fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì òkè gbé ahọ́n iná tí yóò pa ayé rẹ́ nígbà tí àkókò bá tó. Ọwọ́ ọ̀tún kejì ń sọ pé kí a má bẹ̀rù. Ọwọ́ òsì kejì nà sí ẹsẹ̀ tí ó gbé sókè, níbi tí ìtúsílẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ kejì tẹ aràrá kan mọ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Apasmara, àìmọ̀kan. A kì í pa aràrá náà, a kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, nítorí pé ìmọ̀ kò lè níye lórí láyé tí kò sí àìmọ̀kan. Láàrin gbogbo ìjó yìí, ojú Shiva dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ọdún 2004, ìjọba Íńdíà fi ère Nataraja kan ta ilé-iṣẹ́ ìwádìí CERN ní Switzerland lọ́rẹ, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣèwádìí ìrìn àwọn ohun tíntìntín tí a fi ṣẹ̀dá ayé.

Vishnu, olùtọ́jú ayé, ní ọwọ́ mẹ́rin. Ó mú ìkarahun òkun tí ìró rẹ̀ ń pe ènìyàn jọ, àwo ogun olójú mímú tí ń gé ibi kúrò, kùmọ̀ agbára, àti òdòdó òṣíbàtà. Òṣíbàtà wà lọ́wọ́ tàbí lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ òrìṣà Híńdù. Inú ẹrẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, síbẹ̀ ó ń yọ orí sókè omi láìní àbààwọ́n. Yorùbá náà fi òṣíbàtà gbàdúrà lílékè. Híńdù fi í ṣe àpẹẹrẹ ọkàn tí ó wà láyé tí ẹrẹ̀ ayé kò ta sí.

Lakshmi, aya Vishnu, ni òrìṣà ọrọ̀ àti ìbùkún. Owó wúrà ń ṣàn láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, erin méjì sì máa ń da omi sí i lórí. Ère rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìsọ̀ àwọn oníṣòwò. Saraswati ni òrìṣà ìmọ̀, orin àti ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ń ta ohun èlò orin olókùn kan tí ń jẹ́ vina, ó mú ìwé àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá po wàrà mọ́ omi fún ẹyẹ náà, yóò mu wàrà, yóò fi omi sílẹ̀, bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń ya òótọ́ kúrò lára irọ́. Durga ń gun kìnnìún, ohun ìjà àwọn òrìṣà yòókù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń pa ẹ̀mí búburú tí ó gbé àwọ̀ ẹfọ̀n wọ̀. Agbára tí ọkùnrin kò lè fi ṣẹ́gun ni obìnrin yìí fi ṣẹ́gun.

Murugan, ọmọ Shiva, ni àwọn Tamil fẹ́ràn jù. Ọ̀kọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní vel, dúró fún ọgbọ́n: ó fẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó mú ní ṣóńṣó, bí ọgbọ́n ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí ó sì mú. Ọ̀kín ni ó ń gùn, àkùkọ sì wà lára àsíá rẹ̀.

Ààmì kan wà tí a kì í tètè kà dáadáa. Lára fìtílà àti àwo idẹ Híńdù, a sábà máa ń rí àgbélébùú tí apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ swastika. Ọ̀rọ̀ Sanskrit tí ó túmọ̀ sí àlàáfíà àti ire ni, ó sì ti wà ní Íńdíà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹgbẹ́ òṣèlú Nazi ti Jámánì tó sọ ọ́ di àsíá tirẹ̀ ní ọdún 1920. Ní ìlú bí Johannesburg, níbi tí àwọn Júù kan tí ó sá fún Nazi ti wá tẹ̀dó, ààmì kan náà lè jẹ́ àdúrà lójú ẹnì kan, kí ó sì jẹ́ ẹ̀rù lójú aládùúgbò rẹ̀.

Láti idẹ di ibùgbé òrìṣà

Ère tí ó wà lórí àtẹ ọjà kì í ṣe òrìṣà. Idẹ ni. Oníṣòwò lè wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, ó lè dín owó rẹ̀, ó sì lè fi páálí dì í. Ohun tí ó ń yí i padà ni ètò kan tí ń jẹ́ prana pratishtha, èyíinì ni fífi ẹ̀mí sínú ère. Àlùfáà yóò wẹ̀ ẹ́, yóò ka ọ̀rọ̀ mímọ́ lé e lórí, yóò sì pe òrìṣà náà kí ó wá gbé inú rẹ̀. Ìgbà tí a bá ṣí ojú ère náà ni ó parí.

Láti ọjọ́ náà, bí àlejò pàtàkì ni a ó ti máa ṣe é. A ó máa jí i, a ó máa wẹ̀ ẹ́, a ó máa wọ aṣọ fún un, a ó máa gbé oúnjẹ àti òdòdó síwájú rẹ̀, a ó sì máa jó tùràrí àti káńfọ̀ fún un. Ìdí pàtàkì tí ẹlẹ́sìn fi ń wá sí tẹ́ḿpìlì ni darshan, rírí. Kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ń wo ère. Òrìṣà náà ń wo ènìyàn. Bí ère bá kán tàbí tí ó fọ́, a kì í sábà sìn ín mọ́. Inú omi ni àṣà ní kí a gbé e sí, kì í ṣe orí ààtàn.

Ère tí ó ń rìn

Ní tẹ́ḿpìlì gúúsù Íńdíà, ère méjì ni òrìṣà kan sábà máa ń ní. Ti òkúta wà nínú yàrá mímọ́, kì í kúrò níbẹ̀ láé. Ti idẹ ni a ń gbé jáde lọ́jọ́ ọdún, lórí èjìká tàbí nínú kẹ̀kẹ́ ńlá tí a fi okùn fà, kí aláìsàn, arúgbó àti àwọn tí a kò gbà láàyè láti wọ inú tẹ́ḿpìlì ní ayé àtijọ́ lè rí i. Òkúta ń jókòó, idẹ ń rìn. Ìdí tí iṣẹ́ idẹ fi gbilẹ̀ nígbà àwọn Chola nìyẹn.

Ìrìn yìí ni ó tún sọ ère idẹ di ohun tí olè lè jí. Ní ọdún 1976, alágbàṣe kan ń walẹ̀ nítòsí tẹ́ḿpìlì tí ó ti wó ní abúlé Pathur ní Tamil Nadu, ó sì hú ère Nataraja kan. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé-iṣẹ́ Kánádà kan ti rà á. Àwọn ọlọ́pàá gbà á, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Lára àwọn tí ó pe ara wọn ní olóhun ni tẹ́ḿpìlì náà fúnra rẹ̀, nítorí pé lábẹ́ òfin Íńdíà, tẹ́ḿpìlì àti òrìṣà inú rẹ̀ lè ní ohun ìní, wọ́n sì lè pe ènìyàn lẹ́jọ́. Ní ọdún 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà bẹ́ẹ̀, ère náà sì padà sí Íńdíà. Fún ẹni tí ó bá ń ronú nípa àwọn idẹ Ìbíní tí a kó lọ ní ọdún 1897, ẹjọ́ Pathur gbé ìbéèrè ńlá dìde: ṣé ohun ọ̀ṣọ́ ni a jí, àbí ẹni kan ni a gbé kúrò nílé rẹ̀?

Dídé Johannesburg

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1860 ni ọkọ̀ ojú omi Truro gúnlẹ̀ sí Durban pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ Íńdíà àkọ́kọ́ tí ó wá ṣiṣẹ́ àdéhùn nínú oko ìrèké. Títí di ọdún 1911, nǹkan bí 152,000 ènìyàn ni ó gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá. Àwọn oníṣòwò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Gujarat, tẹ̀lé wọn pẹ̀lú owó ara wọn. Nígbà tí a rí wúrà tí a sì dá Johannesburg sílẹ̀ ní ọdún 1886, àwọn kan nínú wọn gòkè lọ síbẹ̀.

Ibi tí wọn yóò gbé kò sí lọ́wọ́ wọn. Òfin kẹta ti ọdún 1885 ní Transvaal ti sọ pé àwọn ará Éṣíà kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀ àyàfi ní ibi tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀. Ní Johannesburg, ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn àárín ìlú, nítòsí ibi tí a ń pè ní Newtown lónìí. Ní ọdún 1904, àjàkálẹ̀ àrùn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba ìlú kó àwọn ènìyàn jáde, wọ́n sì dáná sun gbogbo ilé wọn. Mohandas Gandhi, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú náà nígbà yẹn, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé àwọn ènìyàn hú owó bàbà àti fàdákà tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ jáde, wọ́n sì kó o wá fún òun. Báǹkì kò gbà á títí a fi fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́. Ilé jóná, ṣùgbọ́n ohun tí a fi irin ṣe ṣẹ́ kù.

Ìṣípòpadà náà kò tán síbẹ̀. Àwọn ọmọ Íńdíà gbé ní Fordsburg àti Pageview, wọ́n sì ní ìsọ̀ ní Diagonal Street ní àárín ìlú. Òfin ọdún 1950 tí ó pín ilẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tún lé wọn kúrò ní Pageview lọ sí Lenasia, nǹkan bí kìlómítà 30 sí gúúsù ìlú. Ní ọdún 1974 ni a ṣí ọjà Oriental Plaza ní Fordsburg fún àwọn oníṣòwò tí a lé kúrò.

Nínú ìtàn báyìí ni ìtumọ̀ ère idẹ kékeré ti hàn jù. Tẹ́ḿpìlì kò ṣe é gbé. Ilẹ̀ tí a kọ́ ọ sí kò dájú lọ́wọ́ ẹni tí òfin kò gbà láàyè láti ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ère Ganesha tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tàbí fìtílà Kamatchi tí àwòrán Lakshmi wà lára rẹ̀, lè wà nínú àpótí aṣọ, kí a sì gbé e kalẹ̀ lórí pẹpẹ igi nínú yàrá èyíkéyìí. Bí a bá ti tan iná rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ di tẹ́ḿpìlì. Nínú ilé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́ ohun tí ààmì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, lẹ́nu ìyá àti ìyá ìyá wọn. Ní àgbàlá àwọn kan tí ìran wọn ti àríwá Íńdíà wá, àsíá pupa Hanuman tún ń fẹ́ lórí ọ̀pá.

Lónìí, àwọn tẹ́ḿpìlì ti wà káàkiri ìlú náà. Ní Melrose, níhà àríwá, tẹ́ḿpìlì àtijọ́ kan wà tí a yà sọ́tọ̀ fún Murugan. Nígbà ọdún Kavady, àwọn olùfọkànsìn máa ń ru ẹrù tí a fi òdòdó àti ìyẹ́ ọ̀kín ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sí èjìká láti san ẹ̀jẹ́ wọn.

Ère tí a kì í sìn

Ní àárín ìlú Johannesburg, ère idẹ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wọ bọ́ọ̀sì. Ère Gandhi ni, iṣẹ́ ọwọ́ Tinka Christopher, tí a ṣí ní ọdún 2003 ní gbàgede tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, nítòsí ibi tí ilé ẹjọ́ wà nígbà tí ó ń ṣe agbẹjọ́rò. Ó wọ ẹ̀wù agbẹjọ́rò, ọwọ́ méjì ni ó ní, ìrísí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń rìn ni a sì fún un. Ère náà ń rántí ẹni tí ó ti lọ. A kò pe ẹ̀mí kankan sínú rẹ̀, a kò sì ṣí ojú rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà.

Idẹ kan náà ni, iná kan náà ni ó sì yọ́ ọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ère gbàgede yìí àti ère kékeré tí ó wà lórí pẹpẹ ilé kan ní Lenasia kò sí nínú irin náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ọgbọ́n oníṣẹ́ ọnà. Ó wà nínú ohun tí àwọn ènìyàn ṣe sí i lẹ́yìn tí ó kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, àti nínú ohun tí wọ́n ń retí nígbà tí wọ́n bá dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lóye ère Híńdù gbọ́dọ̀ béèrè ohun méjì: kí ni ó mú lọ́wọ́, ta ni ó sì ń tan fìtílà fún un?